Irin Kejì

Ẹ̀bẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ bẹ̀ yín: ẹ má bínú sí Ìyá Onígbálẹ̀. Àwọn kan ń sọ kiri pé ẹnu rẹ̀ ló fa gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Irọ́ gbuu ni. Ojú ìyá náà ló ń ṣe bàìbàì. Ó ti ń gbá ilé eré yẹn láti ìgbà tí orí àwọn tó ń ṣe eré níbẹ̀ lónìí ò tíì gbé gèlè tàbí fìlà, gbogbo èèyàn sì ti di òjìji lójú rẹ̀. Bí ó bá wá rí ọkùnrin gíga kan nínú ẹ̀wù pupa gígùn, tó dúró ṣánṣán láàárín ìtàgé ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, kí ló kù tí kò ní rò? Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ẹsẹ̀ kí n gbá abẹ́ ẹ̀."

Ọkùnrin náà gbé ẹsẹ̀. Kò sọ pé, "Ìyá, èmi kọ́ ni Ọ̀gá." Ó gbé ọ̀tún, ó gbé òsì, ó tún wá rọra mi orí bí Ọ̀gá ṣe máa ń mi orí. Bí ẹ bá bi èmi, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Igbákejì ni wọ́n ń pè é. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kọ́ nìyẹn o, ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlá tó ti ń tẹ̀ lé Ọ̀gá, olórí ẹgbẹ́ eléré ibẹ̀, ti jẹ́ kí orúkọ ilé wọmi. Bí Ọ̀gá bá ṣe ọba nínú eré, Igbákejì a ṣe ìjòyè. Bí Ọ̀gá bá ṣe dókítà, Igbákejì a gbé báàgì dókítà. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Ọ̀gá bá máa sọ, ó gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n lórí, torí pé ọjọ́ tí àìsàn bá dá Ọ̀gá dúró sílé, òun ni kó rọ́pò. Ọdún mọ́kànlá rèé, Ọ̀gá ò tilẹ̀ sín. Igbákejì ti há ọ̀rọ̀ ọba mẹ́rin, adájọ́ méjì àti wòlíì kan sórí, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ àfi ìyàwó rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ láyé, kó bọ́ sí ipò yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré.

Eré tí wọ́n ń múra rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, eré àtijọ́ ni, nípa balógun kan tó pa ọba rẹ̀ torí ó fẹ́ gorí ìtẹ́, tí ìyàwó rẹ̀ sì wà nídìí ọ̀rọ̀ náà gbágbáágbá. Ọ̀gá ló ń ṣe balógun. Igbákejì ló ń ṣe ọ̀rẹ́ balógun, ẹni tí wọ́n máa pa kí eré tó dé ìdajì, tí òkú rẹ̀ á wá hù láti abẹ́ ilẹ̀ kó lè dẹ́rù ba apààyàn. Abẹ́ ilẹ̀ yẹn ni kí ẹ fọkàn sí. Wọ́n gé pákó kan láàárín ìtàgé, fífẹ̀ rẹ̀ tó ilẹ̀kùn, ó ń ṣí sísàlẹ̀, àkàbà sì wà lábẹ́ ẹ̀. Irin méjì ló ń há a láti ìsàlẹ̀. Bí òkú bá ti jáde tó sì ti padà wọlẹ̀, iṣẹ́ Igbákejì ni kó gbé pákó náà padà sáyè, kó ti irin kìíní, kó ti irin kejì, kó fi ọ̀pá kan pákó lẹ́ẹ̀mẹta, kó sì pariwo pé, "Ilẹ̀ ti dé!" Títí wọ́n á fi gbọ́ "Ilẹ̀ ti dé," kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ tẹ àárín ìtàgé, ì báà jẹ́ ta ni. Òfin Ọ̀gá fúnra rẹ̀ nìyẹn. Kò fẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni fara pa lọ́dọ̀ òun.

Ẹ ó ní kí ló gbé ẹ̀wù pupa, tí í ṣe ẹ̀wù balógun, sọ́rùn Igbákejì láàárọ̀ yẹn. Ìyàwó rẹ̀ ni aránṣọ ẹgbẹ́. Orúnkún ń dun Ọ̀gá, kò lè dúró pẹ́ kí wọ́n máa wọn aṣọ sí i lára, bẹ́ẹ̀ òun àti Igbákejì ga dọ́gba, èjìká wọn sì rí bákan náà. Nítorí náà, ara ọkọ rẹ̀ ni obìnrin náà fi ń wọn gbogbo aṣọ Ọ̀gá. Ó wà níbẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, abẹ́rẹ́ mẹ́fà lẹ́nu, tó ń ká etí ẹ̀wù náà sókè nígbà tí Ìyá Onígbálẹ̀ fi kí ọkọ rẹ̀ ní kíkí Ọ̀gá. Kò lè sọ̀rọ̀ torí abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ó rí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà nílé, ó ń lọ aṣọ, ó bá dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

"Ẹ ò sọ fún Ìyá pé ẹ̀yin kọ́."

"Ìyá ò ríran. Kí ni mo fẹ́ máa ṣàlàyé fún un láàárọ̀ kùtùkùtù?"

"Ẹ gbé ẹsẹ̀."

"Ẹsẹ̀ ló ní kí n gbé, ṣé kí n má gbé e ni?"

"Mo ti gbọ́." Ó lọ apá aṣọ kan tán, ó yí i padà. "Ẹ̀wù yẹn bá yín mu ju Ọ̀gá lọ. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni o. Ọ̀gá ní eré yìí ló máa kẹ́yìn fún òun. Èyí tá a ṣe kọjá náà ló kẹ́yìn. Èyí tó ṣáájú ẹ̀ náà ló kẹ́yìn. Ìkẹ́yìn wo ni kì í kẹ́yìn yìí? Ẹ máa wò ó níran títí irun yín á fi funfun báláú, ìgbà yẹn ni wọ́n máa wá ní kí ẹ ṣe bàbá àgbà ọba."

"Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe? Ṣé kí n tì í ṣubú ni?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Tọkọtaya ni wọ́n, wọ́n ń bá ara wọn ṣàwàdà, kò sí nǹkan tó burú níbẹ̀. Ẹ̀rín náà kàn pẹ́ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ni.

Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá òwúrọ̀, gbogbo ẹgbẹ́ pé fún ìdánrawò. Òkú jáde, òkú rìn yíká, Ọ̀gá gbọ̀n bí ewé, òkú padà wọlẹ̀. Igbákejì gbé pákó náà padà sáyè. Ó ti irin kìíní. Ó fọwọ́ kan irin kejì. Ó mú ọ̀pá, ó kàn án, kò, kò, kò, ó sì pariwo, "Ilẹ̀ ti dé!" Lókè, Ọ̀gá ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ó fa idà yọ, ó fẹ̀yìn rìn ìṣísẹ̀ kan, ìṣísẹ̀ méjì. Pákó ké gbàà! Ọ̀gá já láti òkè, idà já tẹ̀ lé e, Ọ̀gá sì balẹ̀ sí ẹsẹ̀ Igbákejì. Àwọn tó wà lókè gbọ́ ìró egungun ìbàdí Ọ̀gá bó ṣe ṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ di bó ò lọ yà fún mi. Wọ́n gbé Ọ̀gá lọ sí ọsibítù. Oníná, ọkùnrin tó ń tan iná ìtàgé, mú tọ́ọ̀ṣì, ó wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ wò ó. Irin kìíní ti fà tu pẹ̀lú gbogbo ìṣó rẹ̀. Irin kejì ò tu, kò ṣẹ́, kò wọ́. Ó kàn wà ní ṣíṣí ni.

"Mo ti sọ ọ́ sọ ọ́," Oníná wí. "Irin yìí ti gbó. Bí èèyàn bá ń rìn lórí pákó, ó máa ń yọ́ padà fúnra ẹ̀. Irin kan ò sì lè gbé Ọ̀gá àti ẹ̀wù yẹn." Gbogbo èèyàn gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ eré ní ẹni tó jìn sí kòtò ló kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín.

Igbákejì nìkan ni kò gbà. Kì í ṣe pé ó mọ nǹkan tí àwọn yòókù ò mọ̀. Ìyà tó ń jẹ ẹ́ gan-an nìyẹn, kò mọ nǹkan kan. Ó rántí irin kejì lábẹ́ ìka rẹ̀, ó rántí bó ṣe tutù, ó rántí gíríìsì tó wà lára rẹ̀. Ṣé ó tì í wọlé ni, àbí ó kàn fọwọ́ kàn án? Àbí, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ṣé ó ti tì í tán tó tún wá fà á padà? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti ń ti irin yẹn lójoojúmọ́, gbogbo ọjọ́ ọ̀hún sì ti lọ́ mọ́ ara wọn nínú orí rẹ̀. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn kí ẹ tó jáde nílé, tí ẹ dé ìdajì ọ̀nà, ṣé ẹ máa ń rántí ọwọ́ tẹ́ ẹ fi tì í? Ṣùgbọ́n tiyín, ilé lásán lẹ fi sílẹ̀. Tirẹ̀, ọkùnrin tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló balẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Oníná kan irin kìíní padà. Bó ṣe lọ tán, Igbákejì nìkan wọ abẹ́ ilẹ̀. Ó ti irin méjèèjì, ó gun òkè, ó rìn lórí pákó náà gìrìgìrì, ó tún sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó. Irin kejì wà ní títì. Ó tún un ṣe. Ó wà ní títì. Nígbà kẹta, ó ti yọ́ tó ìbú ìka kan. Ó bú sẹ́rìn-ín níbẹ̀, òun nìkan, ó ní, "Ẹ ò rí i! Irin ni! Irin ni!" Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹrin, irin dúró pa bí ọmọlúàbí. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri fún ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ogójì ìgbà ló gòkè tó sì sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni irin yọ́. Ẹ gbà mí, kí ni èèyàn fẹ́ fi ẹ̀ẹ̀mẹta nínú ogójì ṣe? Ó pọ̀ ju kó pe irin ní aláìlẹ́bi lọ, ó sì kéré ju kó pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tó ti dúró tó ń mí hẹlẹhẹlẹ ni Ìyá Onígbálẹ̀ bá a. "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ìyá, èmi kọ́ ni Ọ̀gá!" Ohùn rẹ̀ le débi pé ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìyá náà.

"Ẹ má bínú, ọmọ mi. Wọ́n ṣáà ní ẹ̀yin ni báyìí."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Lọ́jọ́ náà gan-an ni iṣẹ́ dé láti ọsibítù: Ọ̀gá ní eré ò gbọdọ̀ yẹ̀, Ọjọ́rú tó ń bọ̀ tí wọ́n ti dá fún un kò yí padà, Igbákejì ni kó ṣe balógun. Àwọn ọmọ eré pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n gbá a lẹ́yìn, wọ́n ní ọdún mọ́kànlá kì í ṣe ọjọ́ mọ́kànlá. Ìyàwó rẹ̀ gbé ẹ̀wù pupa wá, kò sí ibi tó fẹ́ dín, kò sí ibi tó fẹ́ tú. Igbákejì wọ̀ ọ́. Inú rẹ̀ dùn. Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa, inú rẹ̀ dùn dọ́ba, ẹ̀rù sì ń bà á, ojú sì ń tì í, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò mọ èwo ni kó kọ́kọ́ dá lóhùn.

Ọjọ́ Àìkú, níbi tó ti ń há ọ̀rọ̀ balógun sórí nínú yàrá, nǹkan kan bọ́ sí i lọ́kàn. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀, ó pàdé ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu àtẹ̀gùn tó lọ sí abẹ́ ìtàgé. Ó ń gòkè bọ̀, aṣọ funfun òkú lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló lọ ṣe níbẹ̀? Ó jókòó ti ọ̀rọ̀ náà fún wákàtí kan, ó ń bẹ ara rẹ̀ kó má béèrè. Ó béèrè.

"Kí lo lọ ṣe lábẹ́ ìtàgé lọ́jọ́ yẹn?"

Obìnrin náà ń ran bọ́tìnnì. Ó gbójú sókè. "Aṣọ òkú ni mo lọ mú. Ẹ̀yin lẹ gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Kí ló dé?"

"Ṣé o fọwọ́ kan nǹkan kan?"

Ó gbé bọ́tìnnì sílẹ̀. "Èmi? Ẹ̀yin lẹ̀ ń bi èmi? Torí ta ni mo ṣe fọ aṣọ òkú yẹn lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn tí Ọ̀gá já, tọ́wọ́ mi fi bó? Gíríìsì dé ìgúnpá! Mo ní kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé báwo ni gíríìsì ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lára ẹni tó kàn ti irin, kí n tètè yọ ọ́ kúrò."

"Ojoojúmọ́ ni gíríìsì máa ń wà lára aṣọ yẹn! Ojoojúmọ́! Kí ló dé tó fi jẹ́ ti ọjọ́ yẹn lo sáré fọ̀?"

"Torí mo rò pé ẹ̀yin lẹ ṣe é."

Ìta làwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù wà, ariwo wọn ń wọlé láti ojú fèrèsé.

"O rò pé èmi ni," Igbákejì wí, "o sì dákẹ́."

"Ìwọ náà rò pé èmi ni," ìyàwó rẹ̀ dáhùn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, kò pè é ní "ìwọ" rí. "O rò ó, o sì gba ẹ̀wù náà wọ̀."

Ó bú sẹ́kún. Igbákejì fẹ́ dìde lọ bá a, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó fẹ́ lọ bá. Ṣé ìyàwó tó pa òótọ́ mọ́ nítorí ọkọ ni, àbí ìyàwó tó ń sunkún kí wọ́n má baà bi í ní ìbéèrè kejì? Òun náà ń wo ọkọ rẹ̀ láti àárín omijé bí ẹni tó ń wo àlejò. Wọ́n jẹun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́jọ́ náà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó mọ̀ ọ́n kà nínú àwọn méjèèjì.

Nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́ Ajé mọ́, ó gba ọsibítù lọ. Ó ti pinnu. Ó máa sọ gbogbo rẹ̀, bó ti mọ̀ ọ́n àti bí kò ti mọ̀ ọ́n. Bí Ọ̀gá bá ní kó bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀, á bọ́ ọ.

Ọ̀gá wà lórí ibùsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n fi okùn gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kọ́. Ó ti rù. Kò lé tìróò, kò kun àtíkè. Ó dà bí bàbá ẹnikẹ́ni.

"Balógun, wọlé," ó wí. "Fa àga yẹn sún mọ́ mi."

Igbákejì dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, ọ̀rọ̀ sì tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi. Ó sọ ti irin, ó sọ ti ogójì ìgbà, ó sọ ti gíríìsì. "Ọ̀gá, mi ò mọ̀ bóyá mo tì í. Mo ti wá a títí nínú orí mi. Mi ò rí i."

"Ṣé ìwọ lo ṣí i?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, sà."

"Ìyàwó rẹ ńkọ́?"

"Ó ní òun kọ́. Mo gbà á gbọ́. Tó bá tún di ẹ̀ẹ̀kan, mi ò gbà á gbọ́ mọ́."

Ọ̀gá yíjú sí fèrèsé. Lẹ́yìn náà ó ní, "Èmi náà ò mọ̀. Kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Irin ò lẹ́nu. Bí ó bá jẹ́ ti irin nìkan ni, mi ò ní bá ọ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo mọ̀, mo sì ti ń wò ó bóyá kí n pa á mọ́ra. Nígbà tí mo já lulẹ̀, lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ ni orí mi wà. Mi ò lè mí. Mo wo ojú rẹ, mo ń retí kí o bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Ìwọ ò wò mí. Òkè lò ń wò. Ibi tí mo ti já bọ́ lò ń wò. Ó pẹ́ tó kí èèyàn ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ìgbà yẹn lo tó wá pariwo pé, 'Yéè, Ọ̀gá!'"

Igbákejì la ẹnu láti sọ pé rárá. Láti Ọjọ́bọ̀, kò tíì rí nǹkan kan tó dá a lójú, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè nítorí ẹ̀. Báyìí, ó rí i kedere: ihò onígun mẹ́rin náà lókè orí rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó ń dà wọlé, eruku tó ń fò nínú ìmọ́lẹ̀, àti ọkàn òun fúnra rẹ̀ tó ń sọ fún un jẹ́jẹ́ pé, ààyè ti ṣí. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni sọ ọ́ sí i létí. Òun ló sọ ọ́. Ìtìjú bò ó láti orí dé àtàǹpàkò.

"Òótọ́ ni, Ọ̀gá," ó wí.

"Mo mọ̀." Ọ̀gá ò bínú. Ì bá sàn ká ní ó bínú. "Lọ ṣe eré náà. Mi ò gbà á lọ́wọ́ rẹ. O máa ṣe é dáadáa. Ó máa dára ju tèmi lọ, torí èmi ò mọ inú ọkùnrin yẹn rí, orí ni mo kàn fi há ọ̀rọ̀ ẹ̀."

Ó fẹ́ yí ara padà díẹ̀, ìrora mú un, ìrọ̀rí sì yọ́ kúrò lábẹ́ orí rẹ̀. Igbákejì fò dìde. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń bá ọkùnrin yìí wọ bàtà, tó ń bá a di bẹ́líìtì, tó ń fà á dìde lórí àga nígbà tí orúnkún bá mú un. Ó na ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ èjìká rẹ̀ kó gbé e.

Ọ̀gá fà sẹ́yìn.

"Rárá," ó wí. Ó rọra sọ ọ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí èèyàn ṣe ń bá ẹni tí kò mọ̀ rí sọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe nọ́ọ̀sì."

Igbákejì lọ pe nọ́ọ̀sì. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà títí obìnrin náà fi gbé Ọ̀gá jókòó dáadáa.